Agùntáṣọọ́lò Nínú Rédíò

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo ti gbé ilẹ̀ òkèèrè rí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá òtútù pọ̀ níbẹ̀. Òtútù kẹ̀? Ìkòtún ni mo lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Kétu wa, ní apá ibi tí Faransé ti ṣàkóso, láàárọ̀ kùtù, á ti dé Ìkòtún ní Èkó kí oòrùn tó wọ̀. N kò wọ bàálù, n kò sì la òkun kọjá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá náà ni mo gbé dé. Àárín àwọn tó ń sọ èdè ìyá mi yìí ni mo ti jẹ́ àjèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé tí mo háyà yàrá sí, mo dọ̀bálẹ̀ kí onílé. Ìyá Bísí ni wọ́n ń pè é, ará Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó ń fi tẹlifóònù ṣòwò nínú ìsọ̀ kékeré tó wà níwájú ilé náà. Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì gbójú sókè.

"Ègùn ni ẹ́, àbí Àgànyìn?"

"Rárá mà. Ará Kétu ni mí."

"Kétu t'Ọ́jọ́ta yẹn? O ò mà jọ ará ibẹ̀."

"Kétu gan-an ni mà. Kétu ti Alákétu."

"Ẹn-ẹ́n! Ègùn náà ni jàre," ló wí, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ti rí: ó dùn mí wọra. Nílé wa, àwa là ń pe ẹlòmíràn ní Ègùn. Kí n tó débẹ̀, mo ti rò ó pé bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, wọn ó kàn yà mí sọ́dọ̀ bí ọmọ ìyá wọn ni. Àwọn ọmọ ilé ń sín ohùn mi jẹ, wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á tún fẹ̀rín sí i. Nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, àwọn aládùúgbò sì ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú.

Gíga mi ló gbé mi débẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí à ń fọwọ́ gbá ni mo kọ́ nílé ìwé ní Kétu, nígbà tí mo sì bá ẹgbẹ́ kan gbá a ní Àjàṣẹ́, kọ́ńtírátọ̀ kan tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá rí mi. Òun ló ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ kó wọ líìgì tuntun tí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn tó ń gbá a. Alága la máa ń pè é. Lẹ́yìn tí mo dé ni mo gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni àjọ tó ń darí líìgì náà gbà láàyè. Alága ò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́.

"Káyọ̀dé ni ẹ́ láti òní lọ," ló wí fún mi. "Ọmọ Ayétòrò. Ohùn yín ò jìnnà síra wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá tó bí mi ló sọ mí lórúkọ."

"Ṣé bàbá ẹ ló máa gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Bí mo ṣe di Káyọ̀dé nìyẹn. Bí wọ́n bá ké orúkọ náà lórí pápá, n kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, n ó kọ́kọ́ máa wẹ̀yìn bóyá ẹni tó ni ín ló ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé etí mi ló di.

Owó tí Alága ń san kò tó nǹkan, nítorí náà mo ń lọ bá wọn gún búlọ́ọ̀kù ní Ìgàndó láàárọ̀. Nígbà yẹn, gbogbo Ìgàndó ń kọ́lé, ojoojúmọ́ ni tírélà ń já sìmẹ́ǹtì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó wọkọ̀ lọ sí pápá ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí kóòṣì wa ti ń dúró dè wá. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí bọ́ọ̀lù bá sì bà á, awọ á ṣí. Mo ń fi òrí pa á. Kóòṣì máa ń bínú pé òrí ń mú bọ́ọ̀lù yọ̀, ṣùgbọ́n n ó tún fi pa á lọ́jọ́ kejì, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Yàrá mi kéré, bẹ́ẹ̀dì kúrú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì a sì máa kan ògiri. Okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí nínú ọgbà wà ní ọ̀gangan ọrùn mi. Gbogbo òwúrọ̀ ni n ó tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ aṣọ àwọn ẹlòmíràn bí olè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí gíga mi wúlò fún ládùúgbò ni títún òpó ẹ̀ríàlì tẹlifíṣọ̀n yí. "Ègùn, bá wa yí i! Ó ku díẹ̀! Ó ti dáa, má fọwọ́ kàn án mọ́!" Bí àwòrán bá ti mọ́, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á máa wòran wọn.

Ibi tí mo dé yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ Ìyàwó.

Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì lè rìn dáadáa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Wọn ò bímọ, èmi ló ń pọ̀n kiri. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e wọlé ni wọ́n ti bí mi, bí àṣà wa sì ṣe wí, ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tó bá ẹwà rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ mu. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó pè mí ní Agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ga débi pé aṣọ yẹ ẹ́. Títí mo fi dàgbà, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó nà mí ní pàṣán rí nígbà tí mo sá kúrò nílé kéwú, bó sì ti ń nà mí ló ń sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ má bínú, ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìyàwó ni èmi náà ń pè é.

Mo fún àwọn ará ilé wa ní Kétu ní nọ́ńbà tẹlifóònù Ìyá Bísí. Lọ́jọ́ kan tí mo ti Ìgàndó dé, gbogbo ara mi funfun fún sìmẹ́ǹtì, onílé mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ra.

"Ègùn, o ti gbéyàwó, o sì ń sọ fún wa pé àpọ́n ni ẹ́?"

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Ó pè láti Kétu. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọkọ mi.' Mo ní kí lorúkọ ọkọ ẹ, ó ní òun ò lè pè é. Mo ní, àbí o ò mọ orúkọ ọkọ ẹ ni? Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ò kàn ní pè é ni. Ó ní kí n bá òun pe Agùntáṣọọ́lò."

Mo ṣàlàyé fún un. Kí n tó sọ ọ́ tán, Ìyá Bísí ti jókòó sórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá tó bí ìyá mi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ló wí. "Láti ìgbà tó ti lọ, n ò gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Àwọn ìyàwó ilé wa tìsinyìí, orúkọ ni wọ́n fi ń pe bàbá ọkọ wọn." Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n gbé okùn aṣọ sókè kí n lè rìn kọjá pẹ̀lú orí mi lókè. Kò tún pè mí ní Ègùn mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, bóyá ọjọ́ yẹn ni inú mi dùn jù.

Kò rọrùn láti bá Ìyàwó sọ̀rọ̀. Tẹlifóònù tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu ni mo máa ń pè. Akọ̀wé ibẹ̀ á rán ènìyàn lọ sílé wa, n ó dúró, n ó tún pè. Bó bá gbé e, ariwo ló máa ń pa, bí ẹni tó ń pe ará òkè odò.

"Ọkọ mi! Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyàwó."

"Irọ́ ni. Iṣẹ́ wo lẹ tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Bọ́ọ̀lù ni. À ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀."

"Tó bá wá bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Á jábọ́ nísàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ náà ò nídìí."

"Agùntáṣọọ́lò," ló wí, "ẹ bọ̀ wálé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ tí ò nídìí ṣe, kí lẹ fẹ́ rí kó níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí dé yàrá mi. Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn tán ni ẹ̀rín náà kúrò lójú mi. Bí mo bá ronú lórí rẹ̀, kí ni mo rí kó? Ẹni tí wọ́n ń yìn lórí pápá, Káyọ̀dé ni. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, Káyọ̀dé ni. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ ń dùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, èmi ni. Bí mo bá kú sí Ìkòtún, wọ́n á gbé òkú mi lọ sí Ayétòrò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn lórí búlọ́ọ̀kù, n ó sì máa gún un lọ.

Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ wa ṣe dáadáa. A ń na ẹni tó yẹ, a tún ń na ẹni tí kò yẹ, títí ó fi ku àwa àti ẹgbẹ́ kan láti òkè Ọya. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa pàdé, ẹgbẹ́ tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló ni ife ẹ̀yẹ. Wọ́n nà wá nínú èkíní. A nà wọ́n nínú èkejì. Ìkẹta wá ku ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ńlá kan nígboro Èkó, wọ́n sì ní rédíò máa fi Yorùbá sọ bó bá ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Kò kí mi tó bó ṣe máa ń kí mi.

"Ìyàwó ẹ ò gbádùn," ló wí. "Ó ti dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ ló ń béèrè ṣáá. Máa bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní máa bọ̀."

Mo sáré lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Alága ń jẹun nígbà tí mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ròyìn. Mo ní bí wọ́n bá yọ̀ǹda mi, n ó lọ, n ó sì padà kí Sátidé tó pé. Ó fọwọ́ nu ẹnu rẹ̀.

"Kétu wo?" ló bi mí. "Káyọ̀dé tí mo mọ̀, ọmọ Ayétòrò ni. Kò lẹ́nìkan ní Kétu."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi sà. Obìnrin yìí ló tọ́ mi dàgbà."

"Tí o bá kọjá Ìdíìrókò lọ́sẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ìmígíréṣọ̀n irú ẹni tí o jẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kí o lọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí o bọ̀. Àtìmọ́lé lo máa ti gbọ́ ẹni tó gba ife. Ṣe bọ́ọ̀lù Sátidé tán, kí o máa lọ ní Sọ́ńdè. Dìde, o ti ń ba oúnjẹ mi jẹ́."

Mo dìde. Mo fẹ́ gbá abọ́ náà dànù, ẹ̀rù ò jẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ń kọjá ní bodè wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ronú láti gba inú igbó, bí àwọn fàyàwọ́, ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà pọ̀ ní bodè nígbà yẹn, wọn kì í sì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó yìnbọn. Mo padà sí Ìkòtún, mo jókòó sí ìsọ̀ Ìyá Bísí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni mo rí. Rédíò Èkó ń dé Kétu ketekete, gbogbo ilé wa ló ń gbọ́ ọ. Bí n kò bá lè dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó, ohùn tó ń pè mí lè dé ibẹ̀, kó mọ̀ pé mo wà láàyè, pé mo sì di ẹni tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ó lè tìtorí ẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe Káyọ̀dé, ta ni ìyẹn lójú rẹ̀?

Ní ọjọ́bọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà wá sí pápá wa láti mọ orúkọ àti ìrísí oníkálukú. Bàbá kúkúrú kan ni, ó fẹ́ràn àpárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè mí ní Káyọ̀dé lọ́jọ́ Sátidé. Agùntáṣọọ́lò ni kí ẹ máa pè mí."

"Agùntáṣọọ́lò!" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó bá ẹ mu o. Ìyàwó ilé wo ló sọ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èyí tó tọ́ mi dàgbà ni, sà. Ó ń ṣàìsàn, ó máa gbọ́ rédíò."

Ojú bàbá náà rọ̀. "Màá pè é títí ara rẹ̀ á fi yá," ló wí.

Mo pe Kétu lọ́jọ́ yẹn kan náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní wọn ò jẹ́ kí n kúrò, pé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù Sátidé ni mo máa bọ̀, kí wọ́n gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyàwó, kí wọ́n ní kó tẹ́tí sí Agùntáṣọọ́lò.

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Màá sọ fún un pé o ń bọ̀."

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Tábìlì sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò jìnnà sí ìlà, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo bá sáré gba ibẹ̀ kọjá: "Agùntáṣọọ́lò ti gbà á! Ẹ wò ó, ẹ wo ọmọ tí aṣọ yẹ! Ó fò, ó ti jù ú sínú apẹ̀rẹ̀!" Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á tún fúyẹ́. Àwọn ará òkè Ọya ga jù wá, wọ́n sì ń ṣáájú wa títí eré fi fẹ́ parí. N kò gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbá a bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Ìgbà tí fèrè fi máa dún, bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ mi ló wọlé gbẹ̀yìn, àwa la sì borí.

Wọ́n gbé mi sókè. Alága ń sunkún ayọ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn èrò ìwòran ti gba orúkọ náà lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń ké Agùntáṣọọ́lò. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, orúkọ tí wọ́n ń ké jẹ́ tèmi. Mo rò ó pé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, Ìyàwó ti dìde jókòó lórí ẹní, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ fún òun.

Ní Sọ́ńdè, Alága fún mi ní ìwé mi, mo sì kọjá bodè láìsí ìyọnu. Nígbà tí mo wọ agbo ilé wa, àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi, àwọn obìnrin sì bo orí. Kò sí ẹni tó sáré pàdé mi. Lẹ́yìn yàrá Ìyàwó, ilẹ̀ tuntun ti ga sókè. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà ló kú, wọ́n sì ti sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé rédíò dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ó gbọ́ mi?"

"Ó dé. A gbọ́ ọ ketekete. Ọkùnrin yẹn pe Agùntáṣọọ́lò, gbogbo ilé hó. Mo tẹ̀ bá a, mo ní, 'Ṣé o gbọ́? Ọkọ ẹ nìyẹn.' Ó mi orí. Ó ní ẹlòmíràn ni. Ó ní ọkọ òun ò lè máa ṣeré nígbà tí òun wà ní ìdùbúlẹ̀, pé ọkọ òun ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún un pé mo ti wà lójú ọ̀nà?"

"Èmi ni. Ní ọjọ́bọ̀ tí o pè. Kí ni kí n sọ fún aláìsàn? Inú rẹ̀ dùn, ó mu omi ẹ̀kọ díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi fi etí agbádá nu ojú. "Ó wá ní ká pa rédíò náà. Ó ní ariwo rẹ̀ ò ní jẹ́ kí òun gbọ́ ọkọ̀ tó bá já ọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà."

"Ẹ wá pa á?"

"Mo pa á. Gbogbo wa dákẹ́, a jókòó tì í, a sì ń bá a tẹ́tí sí ọ̀nà."